Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Kì Í Purọ́ Mọ́ Ìyá Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ewé àwọn ẹbí ní oṣù yìí kì í ṣe ìwàásù. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Ó pẹ́ tí a ti ń rò ó bóyá ó yẹ kí a sọ ọ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá àwọn ọmọ wa náà ti fọwọ́ sí i pé kí a kọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé bí a bá máa kọ ọ́, kí a má ṣe fi ibi tí ó dùn wá jù pamọ́.

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ katikísì ni a ń ṣe. Láti ọdún 2005 ni a ti ń kọ́ àwọn tí ó fẹ́ gba Sákíráméńtì Ìgbéyàwó. A ń kọ́ wọn ní ìfaradà, ìdáríjì, àdúrà inú ilé àti bí a ti ń tọ́ ọmọ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, a kò bi ẹnikẹ́ni rí pé: "Ṣé ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò?" Báwo ni a ó ṣe bi wọ́n? Àwa náà kò yẹ tiwa wò kí a tó gbé ìyàwó wa. Ara wa le, ara ìyàwó wa le, a sì rò pé ìyẹn tó.

Ọlọ́run fún wa ní ọmọ mẹ́ta. Àwọn méjì àkọ́kọ́ dàgbà láìsí wàhálà. A bí ìkẹta, ọmọbìnrin, ní 2011. Nígbà tí ó pé oṣù mẹ́wàá, ní ọdún 2012, àtẹ́lẹwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú bí ẹni tí oyin ta. Bí a bá fọwọ́ kàn án, yóò ké tí ojúlé kejì yóò gbọ́. Ìyá wa àgbà wò ó, ó mi orí, ó ní: "Ẹ má tan ara yín jẹ, àbíkú ni." Kì í ṣe ìkà ni ó mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà tirẹ̀, irú ọmọ báyìí kì í pẹ́ kú, òmíràn yóò sì wá tí yóò ṣe bákan náà. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ẹnu rẹ̀ sọ. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń sọ ọ̀rọ̀ abẹ fífín.

A gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi iná mànàmáná yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí àwọn Faransé ń pè ní électrophorèse. Lẹ́tà méjì ni ó jáde lórí ìwé: SS. Àrùn arọmọléegun ni, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tí ara rẹ̀ le dà bí owó irin roboto, ó ń yọ̀ kọjá nínú àwọn iṣan tíńtín. Ti ọmọ SS máa ń tẹ̀ bí dòjé, ó ń há mọ́ ojú ọ̀nà, ibi tí ó bá sì há sí ni ìrora yóò ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní kí àwa òbí àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wá yẹ ara wa wò. Bàbá: AS. Ìyá: AS. Àkọ́bí: AS. Èkejì: AA.

Kí a tó dé ilé, àwọn kan nínú ẹbí wa ti ń sọ pé ìyàwó ni ó gbé àrùn wọlé. A fi ìwé hàn wọ́n. S méjì ni ó wà lára ọmọ. Ìyá kan kò lè fún ọmọ ní méjì. Ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ wa wá. Wọ́n dákẹ́, àwa náà sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. A kò mọ̀ pé ìdánwò wa ṣì wà níwájú.

Ní àkókò òjò ọdún 2015, ibà ẹ̀fọn mú ọmọ yìí. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ètè rẹ̀ funfun, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. A gbé e dé ilé ìwòsàn ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí a wá ẹ̀jẹ̀. Àwa àti ìyá rẹ̀ na apá wa lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jáde wá, ó ní ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì kò bá ti ọmọ mu. O ni gbogbo wa jẹ́, ṣùgbọ́n rhesus àwa méjèèjì jẹ́ èyí tí ó ní àmì àròpọ̀, O+. Ti ọmọ jẹ́ èyí tí ó ní àmì àyọkúrò, O−. Ẹni tí ó bá jẹ́ O−, ẹ̀jẹ̀ O− nìkan ni ó yẹ kí a fà sí i lára, irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú.

Àbúrò wa ọkùnrin wà pẹ̀lú wa níbẹ̀. Òun ni ó gbé wa lórí ọ̀kadà rẹ̀. Ó fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin ní i, ìyàwó yín ní i, ọmọ kò ní i. Níbo ni ọmọ ti rí tirẹ̀?"

Ẹ̀yin ará, a kò dá a lóhùn. Ì bá dára bí a bá ti bá a wí lójú ẹsẹ̀. A lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri. Nínú yàrá, ìyá ọmọ ń fi omi tútù nu ara ọmọ, ó ń pe orúkọ rẹ̀ kí ó má baà sùn lọ. Àwa tí a ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ tọkọtaya pé kí wọ́n fọkàn tán ara wọn, a ki ọwọ́ bọ àpò, a ń fi ìka ka oṣù. A ń rántí ìgbà tí a rin ìrìn àjò lọ sí Àjàṣẹ́ fún ẹ̀kọ́ àwọn katikísì ní 2010. A ń ṣírò. Kí Ọlọ́run dárí jì wá.

Ó tó nǹkan bí aago méjì òru kí iyè wa tó sọ. A rántí yàrá ẹ̀kọ́ kan ní sẹminárì kékeré, àti àlùfáà àgbàlagbà tí ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Ó fẹ́ràn láti máa sọ fún wa pé ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ ìlànà bí ọmọ ti ń jogún òbí, àlùfáà bíi tirẹ̀ ni. Gregor Mendel ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní 1822. Ó wọ ilé àwọn ará ẹlẹ́sìn Ágọ́sítínì Mímọ́ ní 1843 ní ìlú Brünn, tí wọ́n ń pè ní Brno lónìí ní orílẹ̀-èdè Czech. Ó gba oyè àlùfáà ní 1847. Ní 1850 ó ṣe ìdánwò láti di olùkọ́ pátápátá, kò yege. Inú wa máa ń dùn gan-an sí apá yìí nígbà tí a wà lọ́mọdé.

Láti 1856 títí dé 1863, Mendel gbin ẹ̀wà nínú ọgbà ilé wọn, irú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní petit pois. Ó mú irúgbìn tí ó ṣe roboto tí ó sì ní àwọ̀ ìyeyè, ó mú un gùn pẹ̀lú èyí tí awọ rẹ̀ hunjọ tí ó sì ní àwọ̀ ewé. Ohun méjì ni ó ń tọ́pa lẹ́ẹ̀kan náà: bí ó ti rí ní ìrísí, àti bí ó ti rí ní àwọ̀. Gbogbo ọmọ àkọ́kọ́ ṣe roboto, wọ́n sì ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ óò rò pé híhunjọ àti àwọ̀ ewé ti kú run. Ṣùgbọ́n ó gbin àwọn ọmọ wọ̀nyí, ó jẹ́ kí wọ́n so fúnra wọn. Igi 15 so irúgbìn 556. Mendel jókòó, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Roboto aláwọ̀ ìyeyè jẹ́ 315. Èyí tí ó hunjọ tí ó ní àwọ̀ ìyeyè jẹ́ 101. Roboto aláwọ̀ ewé jẹ́ 108. Èyí tí ó hunjọ tí ó tún ní àwọ̀ ewé jẹ́ 32.

Bí a bá pín 556 sí ọ̀nà 16, ìpín kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 35. Ẹ wò ó: ìpín 9, ìpín 3, ìpín 3, ìpín 1. Mendel mọ̀ nígbà náà pé ohun tí ó sá pamọ́ kò kú. Fún ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dá ní ẹyọ méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nígbà tí òun náà bá fẹ́ bímọ, ẹyọ kan nínú méjì ni yóò fún ọmọ. Bí ẹyọ alágbára bá wà pẹ̀lú ẹyọ tí kò lágbára, ti alágbára nìkan ni ojú máa ń rí. Èkejì wà nílé, kò kàn jáde síta ni. Ó ka iṣẹ́ yìí sí etí àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú rẹ̀ ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta 1865, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó kà á sí. Ó kú ní 1884. Ní 1900 ni àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tún rí ohun tí ó ti rí.

A fa ìwé kan yọ nínú àpò. Orúkọ àwọn tí yóò gba Ìrìbọmi ni ó wà lójú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. A ya àpótí mẹ́rìndínlógún sí i, mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní òró, bí olùkọ́ wa ti ń ṣe lójú pátákó.

Àwa jẹ́ AS. Ìyàwó wa jẹ́ AS. Ìyẹn dá wa lójú. Fún rhesus, a pe ẹyọ alágbára ní D ńlá, èyí tí kò lágbára ní d kékeré. Ẹni tí ó bá ní D, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, àmì àròpọ̀ ni yóò jáde fún un. Kí ènìyàn tó lè ní àmì àyọkúrò, d ni kí méjèèjì jẹ́. Nítorí náà, bí bàbá bá jẹ́ Dd, tí ìyá náà jẹ́ Dd, àwọn méjèèjì yóò ní àmì àròpọ̀, síbẹ̀ wọ́n lè bí ọmọ tí kò ní i. Ó jẹ́ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé olóòótọ́.

Òbí kọ̀ọ̀kan nínú wa lè fún ọmọ ní ọ̀kan nínú ìdì mẹ́rin: A pẹ̀lú D, A pẹ̀lú d, S pẹ̀lú D, tàbí S pẹ̀lú d. A kọ mẹ́rin tiwa sí òkè, a kọ mẹ́rin ti ìyàwó wa sí ẹ̀gbẹ́, a sì kún àwọn àpótí náà. Àpótí 9 jẹ́ ti ọmọ tí kò ní àrùn tí ó sì ní àmì àròpọ̀. Àpótí 3 jẹ́ ti ọmọ tí kò ní àrùn tí ó ní àmì àyọkúrò. Àpótí 3 jẹ́ ti ọmọ SS tí ó ní àmì àròpọ̀. Àpótí 1, ní igun ìsàlẹ̀, jẹ́ ti ọmọ SS tí ó tún ní àmì àyọkúrò. Ẹ̀wà tí ó hunjọ tí ó tún ní àwọ̀ ewé nìyẹn. Ọmọ wa ni ó wà nínú àpótí yẹn.

Ẹ lè bi wá pé, kí ló dé tí a lè fi ìṣirò méjèèjì lé ara wọn báyìí? Ìdí rẹ̀ ni pé ẹyọ tí ó ń ṣe A tàbí S wà lórí okùn àjogúnbá kan, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní krómósómù 11. Ti rhesus wà lórí krómósómù 1. Okùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ọ̀kan kì í fa èkejì dání. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá ta owó irin sókè: ibi tí ti ẹnì kan dojú kọ kò kan ti ẹnì kejì. Ìdá kan nínú 4 ní ìhín, ìdá kan nínú 4 ní ọ̀hún, 4 lọ́nà 4, ó di ìdá kan nínú 16. Bí àwọn ẹyọ méjì bá wà nítòsí ara wọn lórí okùn kan náà, wọn ì bá máa rìn pọ̀, ìṣirò yìí kò sì ní ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àbúrò wa fúnra rẹ̀ wọlé lọ, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun náà wò, bóyá yóò bá a mu. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n pè wá. O ni. Àmì àyọkúrò ni. Òun, ọmọ bàbá wa, ọmọ ìyá wa, jẹ́ dd. A jẹ́ pé bàbá wa fún un ní d, ìyá wa fún un ní d. Ẹyọ tí ó ń bèèrè ibi tí ọmọ ti rí i, inú ilé tí a ti bí òun náà ni ó wà. Ó wo ìwé náà, ó wo ilẹ̀, ó na apá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fà sí ọmọ lára, ètè ọmọ sì padà pọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìyá ọmọ sọ fún wa pé: "Bàbá àwọn ọmọ, mo rí yín lóru. Kí ni ẹ ń kà?" A sọ òtítọ́ fún un, a sì fi ìwé àpótí mẹ́rìndínlógún hàn án. Ó wò ó títí. Ó dákẹ́ títí ọmọ fi sùn. Lẹ́yìn náà ó ní: "Tí ẹ̀jẹ̀ àbúrò yín kò bá rí báyìí ńkọ́?"

Ìbéèrè yìí kò kúrò ní ọkàn wa títí di òní. Òótọ́ ni ó sọ. Ìṣirò yẹn kò lè fi ẹ̀rí ìṣòtítọ́ hàn. Ohun tí ó lè ṣe ni pé ó mú ẹ̀sùn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ kúrò. Bí ẹ̀jẹ̀ àbúrò wa bá tilẹ̀ yàtọ̀, àpótí igun ìsàlẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀, ìyàwó wa kò sì ní jẹ̀bi ohunkóhun. Ìfọkàntán kì í ṣe ohun tí ilé àyẹ̀wò ń tà. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò wa náà wá sílé wa ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó dárí jì wá, ṣùgbọ́n ó gba àkókò, a kò sì kánjú rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a mú ohun díẹ̀ jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àkọ́kọ́, àwọn kan ń sọ pé bí AS àti AS bá ti bí ọmọ SS kan, mẹ́ta tí ó kù yóò bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú 4, bí owó irin kò ti rántí ibi tí ó ṣubú sí lánàá. Mendel rí ìpín 9, 3, 3, 1 nítorí pé irúgbìn 556 ni ó kà. Ọmọ mẹ́rin inú ilé kò tó kà bẹ́ẹ̀. Bí ọgọ́rùn-ún tọkọtaya AS àti AS bá bí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, nǹkan bí 32 nínú wọn kò ní rí ọmọ SS kankan. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń sọ pé, "Àwọn bàbá wa kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò sì sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀." Kò ṣẹlẹ̀ sí wọn ni. Ó ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí 68 tí ó kù.

Èkejì, igi gọngọ má gùn wá lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ìfẹ́ tó wọ egungun, kì í ṣe nígbà tí aṣọ ìgbéyàwó ti wà lọ́wọ́ télọ̀. Òfin Ìjọ kò ka AS sí ìdènà ìgbéyàwó, kò sì sí ẹni tí yóò lé yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó yẹ kí ó mọ ohun tí ó ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ lé lórí. Ẹ má gbàgbé C náà, nítorí ó wọ́pọ̀ ní agbègbè wa, ọmọ SC náà ń ṣàìsàn. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá wa, ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó wa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ dẹ́kun pípe ọmọ ní àbíkú. Ọmọ SS tí a bá tètè mọ̀, tí ó ń lo oògùn rẹ̀, tí ó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ó ń mu omi dáadáa, tí a sì dáàbò bò lọ́wọ́ ibà, lè dàgbà, kí ó kàwé, kí ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ má sì wá ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù nípa ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, bóyá òun ni ó ṣẹ̀ tàbí àwọn òbí rẹ̀, Jésù kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. S pàápàá ní ìdí tí ó fi pọ̀ láàárín wa: ẹni tí ó bá jẹ́ AS, ibà ẹ̀fọn kì í sábà lè ṣe é ní ṣútà tó bẹ́ẹ̀. Ó gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa là.

Ọmọ náà ti di ọ̀dọ́mọbìnrin báyìí. Ó máa ń ṣàìsàn nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Láìpẹ́ yìí, ó bá ìwé àtijọ́ yẹn nínú Bíbélì wa, ó ní kí a ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Nígbà tí a ṣe tán, ó mú kayé rẹ̀, ó fẹ́ ya tirẹ̀. Ó ní: "Bàbá, èmi kò ní ìdì mẹ́rin. S pẹ̀lú d nìkan ni mo ní." Òótọ́ ni. Bí ó bá fẹ́ ọkùnrin AA, gbogbo ọmọ rẹ̀ yóò jẹ́ AS, kò sí ẹyọ kan tí yóò jẹ́ SS. Bí ó bá fẹ́ AS, ìdajì ni ó wà nínú ewu. Ní ti rhesus, bí ó bá lóyún ọmọ tí ó ní àmì àròpọ̀, abẹ́rẹ́ kan wà tí a gbọ́dọ̀ fún un nínú oyún, kí a sì tún fún un láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ, kí ara rẹ̀ má baà dìde sí ọmọ tí yóò tẹ̀lé e. A kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ó ka ohun tí ó kọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní: "A jẹ́ pé n óò bi í kí ó tó bi mí." Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín láti inú ilé ìdáná.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ bi í kí ó tó bi yín. Kí Ọlọ́run tí ó ka iye irun orí wa bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.